Ohun Tí Ẹ Lè Yọ Àti Ohun Tí Ẹ Kò Gbọ́dọ̀ Yọ Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Kọ́ LibreOffice Fúnra Yín Lórí Linux

Kíkọ́ LibreOffice, sọ́fítíwíà iṣẹ́ ọ́fíìsì, tí mò ń sọ níbí kì í ṣe kíkẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń lò ó; kíkọ́ ọ jáde láti inú kóòdù rẹ̀ ni, bí ẹni ń kọ́lé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ `./autogen.sh --help` nínú fóódà kóòdù LibreOffice á rò pé òun ṣi ilé wọ̀. `--enable` èyí, `--disable` tọ̀hún, `--with-system` ìyẹn, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹni pé kò ní tán. Púpọ̀ nínú wọn ò kàn yín rárá. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ mọ àwọn tó kàn yín, kí ẹ sì kọ ìpinnu yín sílẹ̀ gbangba, kí ẹ má fi í sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà máa bá yín yàn.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Agbowó, n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti ìwé Yorùbá tí àmì ohùn gbọ́dọ̀ pé lórí rẹ̀. Debian ló wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà mi. Mo ń kọ́ LibreOffice fúnra mi nítorí pé mo fẹ́ ẹ̀dà tó tuntun ju èyí tó wà nínú Debian stable lọ, mo sì fẹ́ kó fúyẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ àgbà tí RAM wọn kò ju GB 4 lọ. Orí laptop kan tó ní GB 16 ni mo ti ń kọ́ ọ, mo wá ń kó o lọ sórí àwọn yòókù. Ẹni tí kò bá ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, `apt install libreoffice` ti tó o, kó lọ sùn.

Oríṣi mẹ́ta ni àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní àṣàyàn yìí, ọ̀pọ̀ ìtọ́nisọ́nà sì máa ń da gbogbo wọn pọ̀ sínú àpò kan. Àkọ́kọ́ ni àwọn library (àkójọ kóòdù tí sọ́fítíwíà mìíràn ń yá lò) tí LibreOffice lè gbé tirẹ̀ wá: zlib, ICU, Boost, NSS, HarfBuzz àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ ò bá ní wọn, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ á wà á wálẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, á sì kọ́ ọ mọ́ tirẹ̀. Dátà àti àkókò nìkan ló máa ná yín. Ìkejì ni àwọn tó jẹ́ pé tí ẹ bá yọ wọ́n, iṣẹ́ kan bá wọn lọ: GTK (tó ń ya fèrèsé), CUPS (fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé), GStreamer (fún fídíò), Java, Firebird (àpò dátà). Ibí ni kí ẹ ti ronú dáadáa. Ìkẹta ni àwọn tó wúlò fún ẹni tó ń kọ́ ọ nìkan, bíi JUnit, doxygen àti ccache. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà kò ní mọ̀ láéláé bóyá wọ́n wà tàbí wọn ò sí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gba àwọn irinṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni `sudo apt build-dep libreoffice`, bí ẹ bá ti ṣí ìlà deb-src fún apt. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń ṣe o. Gbogbo ohun tí àwọn ará Debian fi ń kọ́ tiwọn ló máa kó wálé, Java, ohun èlò KDE, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń ra dátà kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Èmi a máa mú èyí tí mo fẹ́:

sudo apt install build-essential autoconf pkg-config gperf nasm bison flex zip unzip xsltproc libxml2-utils libarchive-zip-perl python3-dev libgtk-3-dev libcups2-dev libfontconfig-dev libxslt1-dev libxrandr-dev libxinerama-dev libgstreamer1.0-dev libgstreamer-plugins-base1.0-dev ccache

Tí ohun kan bá ṣẹ́kù, configure, ètò tí `./autogen.sh` ń pè láti yẹ ẹ̀rọ yín wò, á dúró, á sì pè é lórúkọ fún yín. Bí ó bá jẹ́ CUPS ni kò rí, ó máa ń sọ ọ́ ní ṣókí pé kí ẹ lọ gba libcups2-dev. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í le lórí ìyẹn.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, GTK wà lórí ẹ̀rọ yìí, ṣebí òun ni gbogbo fèrèsé yìí fi ń ṣí, kí ló dé tó ní òun ò rí i?" Òótọ́ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n libgtk-3-0 (lórí Debian tuntun, libgtk-3-0t64) ni èyí tó wà, èyí tí sọ́fítíwíà fi ń ṣiṣẹ́. Libgtk-3-dev ló ní àwọn fáìlì tí a fi ń kọ́ nǹkan tuntun, òun náà ló sì ní fáìlì `.pc` tí pkg-config ń wá. Ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ò nílò ìkòkò. Ẹni tó fẹ́ sè é ló nílò rẹ̀. Ẹ tẹ èyí wò:

pkg-config --modversion gtk+-3.0

Tó bá fún yín ní nọ́mbà, ó ti wà. Tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, dev ló kù. Lórí Fedora, `-devel` ni wọ́n fi ń parí orúkọ rẹ̀. Ìdánwò yìí kan náà ló ń yanjú ìdajì àwọn àṣìṣe tí configure máa ń jù síni lójú. Tí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ ṣí `config.log`, ẹ wá orúkọ ohun tó ń ké lé lórí, ẹ ka ìlà mélòó kan tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tó dán wò gan-an àti ohun tó gbà padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ìpinnu fúnra rẹ̀. Inú fóódà kóòdù náà, ẹ ṣẹ̀dá fáìlì kan tó ń jẹ́ `autogen.input`. Àṣàyàn kan, ìlà kan. Nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ `./autogen.sh` láì fi ohun kan kún un, inú fáìlì yìí ló ti ń kàwé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n máa tẹ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn àṣẹ lọ, nítorí pé oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni LibreOffice ń jáde, ní February àti August (láti 2024 ni wọ́n ti ń fi ọdún àti oṣù sọ ọ́ lórúkọ: 24.2, 24.8, 25.2), ta ló máa rántí ohun tó tẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn? Tèmi nìyí:

--enable-release-build
--enable-gtk3
--enable-cups
--without-java
--without-junit
--without-doxygen
--without-help
--disable-odk
--disable-skia
--disable-firebird-sdbc
--disable-postgresql-sdbc
--disable-mariadb-sdbc
--disable-sdremote
--disable-gpgmepp
--disable-coinmp
--disable-lpsolve
--without-fonts
--with-parallelism=4
--with-external-tar=/home/ise/lo-tarballs

Ẹ má kàn dà á kọ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí tiyín á ti yàtọ̀.

Java ló ń fa àríyànjiyàn jù. Àwọn kan gbà pé LibreOffice ò lè rìn láìsí Java. Kò rí bẹ́ẹ̀. Writer, Calc, Impress àti Draw kò bẹ Java ní nǹkan kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, docx á ṣí, PDF á jáde. Inú Base, apá LibreOffice tó wà fún àpò dátà, ni ìyà rẹ̀ wà. Àwọn fáìlì `.odb` àtijọ́ tó ní HSQLDB (àpò dátà tí wọ́n fi Java kọ) nínú kò ní ṣí láìsí Java, Report Builder náà á lọ, macro tí wọ́n fi BeanShell tàbí JavaScript kọ á lọ pẹ̀lú. Tí oníbàárà yín kan bá wà tó ń fi Base tọ́jú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má yọ Java. Kò sírú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Tí ẹ bá sì yọ Java tí ẹ tún yọ Firebird bíi tèmi, Base ò ní ibi tó máa tọ́jú ohunkóhun sí nínú ara rẹ̀ mọ́. Ẹ mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́ di òkú igi.

JUnit wà lọ́wọ́ Java. Ẹni tó bá fi Java sílẹ̀ tí kò sì ní JUnit, configure á sọ fún un pé kó gba JUnit 4 wá, tàbí kó tọ́ka sí ibi tó wà, tàbí kó yọ ọ́ pẹ̀lú `--without-junit`. Ẹ yọ ọ́. Ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣe, àwọn tó ń tún kóòdù ṣe ló nílò rẹ̀.

Àwọn sdbc mẹ́ta yẹn jẹ́ ọ̀nà tí LibreOffice fi ń bá àpò dátà sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín pé fífi orúkọ igba ènìyàn sínú ìwé ìpè láti inú Calc á dẹ́kun. Kò ní dẹ́kun, ọ̀nà mìíràn ni ìyẹn ń gbà. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni `--disable-database-connectivity`. Ó wà nínú àkójọ náà, ó sì dà bí ohun tó máa mú nǹkan fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, ẹni tó ń tún kóòdù rẹ̀ ṣe nìkan ni kó lò ó. Ìwé ìpè tó ní orúkọ àlejò kọ̀ọ̀kan ló ń san owó iná lọ́dọ̀ mi. Nítorí ìyẹn náà ni mi ò fi yọ Python, torí Python ni LibreOffice fi ń fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lórí ímeèlì.

Sdremote ni èyí tí wọ́n fi ń lo fóònù láti yí ojú ìwé Impress padà. Coinmp àti lpsolve ni Solver inú Calc ń lò. Gpgmepp wà fún fífi OpenPGP buwọ́ lu ìwé. Wọ́n dára, mi ò lò wọ́n.

GStreamer, mo fi sílẹ̀. Àwọn ìjọ tó wà ládùúgbò ń gbé Impress wá tí fídíò wà nínú rẹ̀, láìsí GStreamer ojú dúdú ni ẹ máa rí níbi tí fídíò yẹ kó wà. Ẹni tí kò bá sí nínú irú iṣẹ́ yìí lè fi `--disable-gstreamer-1-0` kún tirẹ̀. CUPS kò ṣeé bá jiyàn: ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé láìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ṣé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn?

Skia, ẹ yọ ọ́ láìbẹ̀rù tó bá jẹ́ GTK ni ẹ ń lò. Cairo ni gtk3 fi ń ya ojú ìwé lórí Linux, Skia ò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kíkọ́ ọ sì ń gba àkókò.

Fọ́ǹtì ńkọ́? `--without-fonts` máa ń yọ àwọn fọ́ǹtì tí LibreOffice ń gbé rìn. Mo yọ wọ́n nítorí pé Debian ní wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ gbà wọ́n níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà oníbàárà ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé docx tó fi Calibri tẹ̀ wá, ẹ̀rọ yín ò ní Calibri, ìwé tó jẹ́ ojú ewé 60 á wá di 63, àkójọ àkòrí á ṣìnà. Carlito ni fọ́ǹtì tí fífẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ bá ti Calibri mu, Caladea bá Cambria mu, Liberation sì dípò Times New Roman àti Arial:

sudo apt install fonts-crosextra-carlito fonts-crosextra-caladea fonts-liberation fonts-sil-gentium fonts-sil-charis

Gentium àti Charis tó wà lẹ́yìn yẹn, ti Yorùbá ni mo fẹ́ wọn fún.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ti dé nìyẹn. Nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ́. Lẹ́tà ẹ ni U+1EB9, àmì ohùn òkè U+0301 á wá gùn ún lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀: U+1ECD, U+0300 sì tẹ̀ lé e. HarfBuzz ló ń to lẹ́tà àti àmì wọ̀nyí pọ̀ kí wọ́n lè jókòó síbi tó yẹ, láti LibreOffice 5.3 tó jáde ní 2017 ló sì ti ń ṣe é lórí Linux, Windows àti Mac lápapọ̀. Nítorí náà ẹ ò lè yọ HarfBuzz. Ohun tó ṣẹ́kù láti yàn ni pé, ṣé èyí tí LibreOffice gbé wá ni ẹ fẹ́, àbí ti Debian?

Tí ẹ bá fẹ́ ti Debian, ẹ kọ `--with-system-harfbuzz`. Tí ẹ bá kọ ọ́ lóun nìkan, configure á kọ̀. Ó fẹ́ `--with-system-graphite` pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé HarfBuzz tó bá máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ pọ̀ mọ́ Graphite, ìyẹn ọgbọ́n fọ́ǹtì tí àwọn ará SIL ṣe fún àwọn èdè tí àkọsílẹ̀ wọn lọ́jú pọ̀. Libharfbuzz-dev àti libgraphite2-dev ni kí ẹ gbà, méjèèjì. Irú ìsopọ̀ báyìí kò pọ̀, àmọ́ òun ló ń mú kí ènìyàn máa yọ ohun kan, kí ohun mìíràn sì máa ké níbi tí kò retí.

Èmi ò lo ti Debian. Ẹ ó rí i pé kò sí `--with-system` kankan nínú fáìlì mi. Tí mo bá so LibreOffice mọ́ library tó wà lórí laptop mi, orí ẹ̀rọ tó bá ní irú library yẹn gan-an nìkan ló máa ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ mi ò sì sí lórí Debian kan náà. Èyí tó gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ ń rìn jìnnà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ ní? Ẹ lo ti Debian fún àwọn ńlá ńlá bíi ICU, Boost àti NSS, dátà yín á dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ sá fún `--with-system-libs`, èyí tó ní kí gbogbo rẹ̀ ti inú ẹ̀rọ wá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń di páálí sọ́fítíwíà fún Debian àti Fedora ló wà fún. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba library kékeré kan tẹ̀lé òmíràn, nígbà tí ẹ bá sì dé orí mdds àti orcus, ẹ ó rí i pé ẹ̀dà tí LibreOffice tuntun ń béèrè kọ́ ló wà nínú Debian stable. Ẹni tó bá ta kú pé òun á lò ó ṣì lè fi `--without-system-mdds` àti `--without-system-orcus` yọ àwọn méjì yẹn sọ́tọ̀.

Nígbà tí `./autogen.sh` bá parí, ẹ má tíì tẹ make. Ẹ wo `config.warn`. Àwọn ìkìlọ̀ tí kò tó dá iṣẹ́ dúró ló máa ń kó síbẹ̀. Tí àṣàyàn kan bá ti kúrò nínú ẹ̀dà tuntun, configure á ké pé `unrecognized options`. Ẹ pa ìlà náà rẹ́ nínú fáìlì yín, kí ẹ sì tún tẹ autogen.

Lẹ́yìn náà, `make fetch`. Èyí kàn ń gba àwọn tí LibreOffice fẹ́ kọ́ mọ́ ara rẹ̀ ni, ó sì ń kó wọn sínú fóódà tí ẹ kọ sí `--with-external-tar`. Mo yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kóòdù nítorí pé nígbà tí ẹ̀dà mìíràn bá dé, èyí tí kò yí padà kò ní tún jẹ dátà. Tí íntánẹ́ẹ̀tì tiyín bá burú, `download.lst` ní orúkọ gbogbo wọn àti SHA256 wọn. Ẹ lè lọ gbà wọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ẹ fi flash kó wọn dé. Bí ọ̀kan ò bá pé, nọ́mbà náà ò ní bára mu, òun á sì sọ fún yín.

Ẹ fi ààyè tó GB 20 sílẹ̀ lórí díìsìkì. Ẹ má ṣe é pẹ̀lú root (àkáǹtì alákòóso). `make build-nocheck` ni mo ń tẹ̀. `Make` lásán máa ń ṣe àwọn ìdánwò mọ́ ọn. Tí RAM yín bá jẹ́ GB 8, ẹ dín parallelism (iye iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) kù sí 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á máa mí gúlegúle nígbà tó bá ń so àwọn library ńlá pọ̀.

Tí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì sì kú láàárín rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́ kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún tẹ àṣẹ kan náà, ibi tó dé ló máa ti tẹ̀síwájú. Bí ó bá wá ń ké lórí ohun kan tí kò ké lé lórí tẹ́lẹ̀, fáìlì kan ló ṣeé ṣe kí iná ti bá lẹ́nu kíkọ. Ẹ wo ìlà tó ní `[CXX]`, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ọ̀nà fáìlì náà ni orúkọ apá tó ti ṣẹlẹ̀. Ká ní vcl ni:

make vcl.clean
make build-nocheck

Pẹ̀lú ccache, tó ń tọ́jú ohun tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀, àtúnṣe yìí kì í pẹ́.

Inú `instdir` ni gbogbo rẹ̀ máa wà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i pẹ̀lú àkáǹtì òfìfo, kó má bàa dàpọ̀ mọ́ èyí tí ẹ ti ń lò:

instdir/program/soffice -env:UserInstallation=file:///tmp/lo-idanwo

Nínú Help, ẹ lọ sí About, kí ẹ rí i pé VCL (apá tó ń ya fèrèsé) jẹ́ gtk3. Ẹ ṣí Writer, ẹ yan Charis, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀, ọ́, ṣ àti ń nínú. `setxkbmap ng yoruba` á fún yín ní kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bó bá jẹ́ X11 ni ẹ ń lò. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ wò ó ní ńlá: àmì ohùn gbọ́dọ̀ wà ní àárín orí lẹ́tà, kò gbọ́dọ̀ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ojú ewé kan jáde lórí ìwé gidi.

Tí ẹ bá fẹ́ kó o lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ kó gbogbo `instdir` bó ṣe wà, bíi sínú `/opt/libreoffice-tiwa`, ó ṣeé gbé kiri. Lórí ẹ̀rọ tuntun náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí i:

ldd /opt/libreoffice-tiwa/program/libvclplug_gtk3lo.so | grep "not found"

Ohunkóhun tó bá jáde níbẹ̀ ni kí ẹ fi apt gbà. Níbí, kò sídìí fún `-dev` mọ́.